Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Ìgbafẹ́ Tọkọtaya àti Oúnjẹ Ọ̀sán Lórí Odò Ògùn

Ìsinmi ń bọ̀, ìbéèrè àwọn tọkọtaya tó fẹ́ gbafẹ́ lójú omi ló sì kún àpò lẹ́tà wa lóṣù yìí. A gé díẹ̀ kúrò nínú àwọn tó gùn, a sì fi ìnagijẹ tí oníkálukú yàn sídìí tirẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá tó ń bọ̀ ni èmi àti ìyàwó mi yóò pé ọdún márùn-ún nílé ọkọ. Mo fẹ́ ká wọ ọkọ̀ ojú omi láti Lafẹ́nwá, ká máa jẹun ọ̀sán bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Mo ti rí i lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń ṣe é lókè òkun: tábìlì, aṣọ funfun, ife dígí. Ṣé a lè rí irú rẹ̀ ṣe l'Ábẹ́òkúta? — Ọkọ Olólùfẹ́, Aṣérò

Ẹ kú oríire. Ká sọ ojú abẹ níkòó: ọkọ̀ ńlá tó ní tábìlì kò lè rin Odò Ògùn níhìn-ín. Àpáta tó fún ìlú yìí lórúkọ kò tán sí Olúmọ, ó wà nínú odò náà. Òmíràn yọrí, òmíràn sì fara pamọ́ ní ìwọ̀n orúnkún sábẹ́ omi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ tí ìdí rẹ̀ kò rì púpọ̀ ni wọ́n fi ń kó ọjà láti Èkó wá sí èbúté Àrò kí ojú irin tó dé. Ìgbà tí omi bá kún ni ọ̀nà náà sì ń dán mọ́rán. Ohun tí owó yín lè háyà lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ọkọ̀ pákó àwọn apẹja, atukọ̀ kan pẹ̀lú àjẹ̀ tàbí ọ̀pá gígùn, àti ọmọ iṣẹ́ kan tí yóò máa gbọ́n omi. Bí ẹ bá ti di mẹ́rin, ọkọ̀ ti kún nìyẹn. Ẹ má gbà kí wọ́n fi èrò karùn-ún kún un.

Ọjọ́ tí ẹ mú ló ń kọ wá lóminú ju ọkọ̀ lọ. Òjò apá ọ̀dọ̀ wa máa ń pọ̀ ní oṣù kẹfà àti ìkeje, á dẹwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, lẹ́yìn náà ni yóò tún padà dé tagbáratagbára ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ní òkè odò, dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n parí ní 1983 ń gba omi yìí sílé. Ìgbà tó bá kún tán, dandan ni kí wọ́n ṣí i, omi tí wọ́n bá sì tú sílẹ̀, inú Odò Ògùn ló ń já sí kó tó kan Abẹ́òkúta. Nítorí náà, oòrùn lè ràn gan-an ní Lafẹ́nwá kí odò sì máa ga. Ẹni tó bá ń wo ojú ọ̀run nìkan kò ní mọ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni omi fúnra rẹ̀. Bó bá pọ́n rúsúrúsú, tí ó ń gbé ẹ̀ka igi, ike àti ìfófòó kọjá, omi tuntun ló ń bọ̀ yẹn. Ẹ wo òpó afárá: bí àmì ọ̀rinrin tó wà lára rẹ̀ bá ga ju ojú omi lọ, odò ń fà, bí omi bá ń gun apá tó gbẹ, ó ń kún. Lẹ́yìn náà, ẹ ju ewé gbígbẹ kan sómi, kí ẹ sì máa bá a rìn létí odò bí èèyàn tí kò kánjú. Bí ewé bá fi yín sílẹ̀, ẹ má wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Omi tó bá yá ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ, atukọ̀ kan kò lè tukọ̀ dojú kọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ jẹun ọdún márùn-ún yín lórí ilẹ̀ ní ọjọ́ kìíní yẹn, kí ẹ wá sún tinú ọkọ̀ sí ìparí oṣù kọkànlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Nígbà náà, òjò ti lọ, omi ti mọ́, ó sì ṣì jìn tó láti gbé ọkọ̀ kọjá lórí àpáta. Lẹ́yìn ọdún Kérésì, ọyẹ́ àti ọ̀gbẹlẹ̀ á ti fà á débi tí ẹ ó fi máa sọ̀ kalẹ̀ ti ọkọ̀. Ọdún Àjíǹde náà sì máa ń bọ́ sínú ọ̀dá yìí kan náà lọ́pọ̀ ìgbà.

Bí ọjọ́ bá wá pé, apá òkè odò ni kí ẹ kọ́kọ́ kọjú sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Kí atukọ̀ lo agbára rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kí omi fúnra rẹ̀ gbé yín padà. Àwọn tó bá kọ́kọ́ bá omi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ni ilẹ̀ máa ń ṣú mọ́ lójú ọ̀nà. Wíwà ọkọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú tó. Ẹ gúnlẹ̀ sórí yanrìn tó gbẹ, ẹ tẹ́ ẹní, ẹ jẹun níbẹ̀. A mọ̀ pé orí omi gan-an lẹ fẹ́ ti jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ pákó, ẹni tó ń bu ọbẹ̀ kì í fojú sí bí ọkọ̀ ṣe ń fì. Ohun kan ṣoṣo tí a lè gbà kí ẹ jẹ lórí omi ni nǹkan gbígbẹ: ẹ̀pà, dòdò ìkírè, àkàrà.

Bó bá sì jẹ́ pé tábìlì àti ife dígí náà lọkàn yín ń fẹ́, Èkó ni kí ẹ lọ. Ọ̀sà Èkó fẹ̀, àwọn tó ń fi ọkọ̀ ńlá ṣe fàájì sì wà níbẹ̀. Èbúté Five Cowries ní Fálómò lẹ ti lè bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, torí ibẹ̀ ni ọ́fíìsì LASWA wà, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ ojú omi ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọmọ Ẹ̀gbá paraku lọkọ mi, láfún ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣé mo lè ro ó dání lọ sétí odò? Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ni mo lè sè ní aago mẹ́jọ àárọ̀ tí kò ní bàjẹ́ títí di aago kan ọ̀sán? — Ìyá Ìbejì, Ìdí-Àbá

Ẹ jẹ́ kí láfún dúró sílé. Kò tó wákàtí méjì tí yóò fi le gbagidi. Ẹ tún nílò omi púpọ̀ láti ṣan ọwọ́, omi odò kò sì dára fún un. Ká má tilẹ̀ sọ ti ewédú: atẹ́gùn ojú omi á máa fà á láti ọwọ́ lọ sí àyà aṣọ.

Ìrẹsì Ọ̀fadà tí a fi ewé eéran dì ló bá iṣẹ́ yìí mu jù. Tiwa-n-tiwa ni, Ọbáfẹ́mi-Owódé lábẹ́ ìjọba Ògùn níbí ni ìlú Ọ̀fadà wà. Tíìnì mílíìkì méjì tó fún ẹ̀yin méjèèjì àti atukọ̀. Ẹ ṣà á dáadáa lórí àtẹ, torí òkúta inú rẹ̀ kò mọ ọjọ́ ọdún. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ da omi náà nù, kí ẹ wá fi omi tuntun àti iyọ̀ díẹ̀ sè é títí yóò fi rọ̀ tí omi rẹ̀ yóò sì gbẹ. Ọ̀fadà kì í tètè jinná, ẹ fún un tó ogójì ìṣẹ́jú. Kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa o. Bó bá rin, á di ẹ̀kọ nínú ewé.

Ewé náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún lójú lẹ́yìn, ẹ gé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ tó nípọn dànù, kí ẹ sì rà á bàbà lórí iná, bí ẹni ń júwọ́, títí tí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi ṣú díẹ̀. Ewé tí kò kan iná máa ń ya bí ẹ bá ń ṣẹ́ ẹ. Ẹ fi méjì dábùú ara wọn, ẹ bu ìrẹsì gbígbóná sí i, ẹ ká etí rẹ̀ sábẹ́.

Ẹ̀yin bèèrè nípa aago mẹ́jọ sí aago kan. Wákàtí márùn-ún ti pọ̀ jù fún oúnjẹ tó kàn wà nínú kúlà lásán. Oúnjẹ sísè kò gbọdọ̀ wà ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ju wákàtí méjì lọ, bí oòrùn bá sì mú gan-an, wákàtí kan péré. Ti ìrẹsì tilẹ̀ burú ju tàwọn yòókù lọ. Kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí sísè kì í pa tán, tó bá sì rí ìlọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn, á bí sí i, á tu oró sílẹ̀. Oró ọ̀hún kò ní kúrò bí ẹ bá tún un gbé kaná. Nítorí náà, ẹ sún sísè sí iwájú. Kí ìrẹsì kúrò lórí iná ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Kí ẹ tó dì í, ẹ da omi híhó sínú fúláàsì oúnjẹ, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dà á nù, lẹ́yìn náà kí ẹ kó ewé gbígbóná náà sí i títí yóò fi kún. Fúláàsì tó kún ààbọ̀ kì í mú ooru dúró. Bí ẹ bá ṣí i tí ẹ rí ooru tó ń rú jáde, ẹ jẹun. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán, ẹ má jẹ ẹ́.

Ti ọbẹ̀: tàtàṣé aláwọ̀ ewé mẹ́ta, ata rodo aláwọ̀ ewé mẹ́rin, àlùbọ́sà ńlá kan. Ẹ gún un, kó má kúnná. Ẹ kọ́kọ́ sè é lásán kí omi rẹ̀ gbẹ. Ẹ yọ́ ààbọ̀ kọ́ọ̀bù epo pupa nínú ìkòkò tó ní ìdérí lórí iná tí kò pọ̀. Tó bá ti ń yí àwọ̀, ẹ sọ iná kalẹ̀ kó tutù kí ẹ tó ṣí i, torí epo tó ṣì ń rú èéfín lè gbiná bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i lójijì. Ẹ fi àlùbọ́sà rírẹ́ díẹ̀ àti irú síbí méjì sí i, lẹ́yìn náà ata, pọ̀nmọ́ àti ẹyin sísè. Ẹ máa rò ó fún bí ogún ìṣẹ́jú títí epo yóò fi léfòó. Nílé, epo yẹn ladùn rẹ̀. Fún ojú omi, ẹ gbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Epo tó bá dà sílẹ̀ ọkọ̀ á jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa yọ̀, ẹsẹ̀ tó yọ̀ nínú ọkọ̀ pákó, gbogbo èèyàn inú rẹ̀ ló ń yọ̀. Òfin wákàtí méjì yẹn kan ọbẹ̀ náà: ẹ bù ú ní gbígbóná sínú fúláàsì mìíràn tí ìdérí rẹ̀ ń lọ́, kí ẹ tún fi ọ̀rá dì í.

Ẹja tútù eléegun, ẹ má gbé e. Egungun tó há sọ́nà ọ̀fun níbi tí ilé ìwòsàn jìn sí kì í ṣe ohun eré. Ohun mímu: ìgò omi lítà kan ààbọ̀ méjì àti sóbò ìgò kan. Ẹ jẹ́ kí ìgò omi kan àti sóbò náà dì mọ́jú, kí àwọn fúnra wọn máa ṣe yìnyín kúlà. Ẹ má bu ìgò náà kún dẹ́nu, torí omi tó bá dì máa ń wú, á fọ́ ọ.

Ìbátan wa kan ní ká wá ṣe tiwa ní adágún dáàmù Ọ̀yán, pé ibẹ̀ tẹ́jú, kò ní àpáta. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní àtọ̀sí ajá wà níbẹ̀, pé ẹni tó bá wọ omi náà á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Àbí àhesọ ni? — Ìyàwó Tuntun, Olómore

Kì í ṣe àhesọ. Àwọn onímọ̀ ti kọ nípa àtọ̀sí ajá ní àwọn abúlé etí adágún náà, bí Àbúlé Titun, Apójọlà àti Ìbarò, láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bó ṣe ń rìn, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n àtisá fún un wà.

Ẹni tó ti ní i bá tọ̀ sómi, ẹyin kòkòrò náà á pa nínú omi, á wọnú ìgbín kékeré kan tó ń gbé níbi tí omi kò ti ṣàn, láàárín koríko etí odò. Inú ìgbín yìí ló ti ń pọ̀ sí i. Bí oòrùn bá mú, ìgbín á máa tu ọmọ kòkòrò tí ojú kò lè rí sómi, láàárín nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ló sì ń tu ú jù. Àwọ̀ ara ni wọ́n ń gbà wọlé, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wá wò ó: àkókò oúnjẹ ọ̀sán gan-an nìyẹn. Tọkọtaya tó jókòó létí adágún ní aago kan, tí wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù nítorí ooru, àkókò tó burú jù ni wọ́n yàn.

Jíjókòó nínú ọkọ̀ kò lè kó o ràn yín, bẹ́ẹ̀ ni ẹja sísè kò lè kó o ràn yín. Ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn láti orí ilẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀, tàbí kí ẹ wọlé níbi tí wọ́n ti ṣe pákó ìgúnlẹ̀. Ẹ má ki ọwọ́ bọ omi láti fi ṣeré, ẹ má fi ṣan àwo. Bí omi bá ta sí yín lára, ẹ fi aṣọ inura nù ún kíá, kí ẹ fi ọwọ́ líle nù ún. Ìyẹn lè dín ewu kù ṣùgbọ́n kì í mú un kúrò pátápátá.

Bí ẹ bá ti wọ omi tẹ́lẹ̀, ẹ má dúró de ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ nílé ìwòsàn. Ìtọ̀ ọ̀sán gangan ni kí ẹ gbé lọ, torí ìgbà yẹn ni ẹyin kòkòrò máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, dókítà yóò sì fi ìwọ̀n ara yín díwọ̀n rẹ̀. Agbo kì í pa á.

Ní ti adágún fúnra rẹ̀, ó tẹ́jú lóòótọ́, ṣùgbọ́n títẹ́jú yẹn ló ń jẹ́ kí atẹ́gùn ọ̀sán rí àyè gbé ìgbì dìde. Omi tí wọ́n bá sì sé máa ń bo kùkùté igi mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí apẹja ibẹ̀ tó mọ ojú ọ̀nà gbé yín, kí ẹ sún mọ́ etí, kí ẹ sì gbàyè lọ́wọ́ àjọ OORBDA tó ni dáàmù náà kí ẹ tó lọ. Ọ̀nà Alábàtà ni olú ọ́fíìsì wọn wà. Ẹ má sún mọ́ ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà jáde.

N kò mọ omi í lúwẹ̀ẹ́. Ọlọ́kọ̀ fún mi ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì kan tó ti ṣá. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé ó dára? Ṣé mo lè wọ ìró àti bùbá lọ, torí fọ́tò? — Àdùkẹ́, Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ de gbogbo okùn rẹ̀, kí ọkọ yín wá di èjìká rẹ̀ mú lọ́tùn-ún lósì kó fà á sókè. Bó bá gùn dé etí yín, ó tóbi jù, inú omi á bọ́ lórí yín. Ẹ tẹ fóòmù inú rẹ̀ mọ́wọ́: èyí tó dára á wú padà, èyí tó ti kú á dúró ní ibi tí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, tàbí kó máa dún bí bébà. Bí òwú ojú rírán rẹ̀ bá ń já ní ìfàyọ èékánná, ẹ dá a padà. Ẹni tí kò mọ omi í lúwẹ̀ẹ́, kó wo ara jákẹ́ẹ̀tì náà fún nọ́ńbà: 100 N (newton ni N, ìwọ̀n agbára tó fi ń gbé èèyàn léfòó, kì í ṣe náírà) ló yẹ kó wà níbẹ̀ fún omi tó fara rọ. Èyí tí wọ́n kọ 50 N sí, àwọn tó mọ omi lúwẹ̀ẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀yin náà lè ra tiyín, ẹ sá à máa lò ó lọ́dọọdún.

Ìró kò ṣeé wọ̀. Bó bá rin, á wúwo, á so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹ wọ ṣòkòtò àti bùbá àdìrẹ, kí ẹ ká ìró sínú àpò, ẹ óò ró o fún fọ́tò nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀. Àdìrẹ tuntun ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ fi áńkáṣíìfù funfun tútù ra á lára. Bí aró bá bá a lọ, ẹ má wọ̀ ọ́ sábẹ́ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ara yín á di aláró.

Bí ẹ bá ń wọlé, àárín ọkọ̀ ni kí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé, kì í ṣe etí rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹnì kan jókòó tán kí èkejì tó bọ́ sí i. Ìsàlẹ̀ lẹ ó jókòó, lórí ẹní. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ di ọkọ̀ mú. Pákó ni, kì í rì tán. Èèyàn tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ láti wẹ̀ lọ sí etí odò, tó rò pé kò jìn, ni odò máa ń gbé lọ.

Òyì máa ń kọ́ bàálé mi bó bá wọ ọkọ̀. Ṣé kó má jẹun ni? — Ìyá Gbọ́lágadé, Òkè-Ìléwó

Kó jẹun díẹ̀. Ikùn òfo máa ń mú un le sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ikùn tó kún fún epo. Búrẹ́dì tàbí ẹ̀kọ gbígbóná ní wákàtí kan ṣáájú tó. Kó jókòó sáàárín ọkọ̀, kó kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ, kó máa wo igi òkèèrè, kó má wo fóònù rárá. Kí ẹ jìnnà sí èéfín ẹ́ńjìnnì bí ọkọ̀ náà bá ní. Atalẹ̀ tútù ìwọ̀n àtàǹpàkò kan, tí ẹ rẹ́ sómi gbígbóná, máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Oògùn òyì wà ní ilé oògùn, ìgbà tí ẹ kò tíì gbéra ni wọ́n ń lò ó, torí tí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀ kò tún fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ń mú oorun wá, nítorí náà kò gbọdọ̀ mu ọtí lé e, kò sì gbọdọ̀ wa mọ́tò padà sílé.

Èkó la ti ń bọ̀, rélùwéè la fẹ́ wọ̀. Ṣé a lè gun Olúmọ, ká sì tún wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo? — Tọkọtaya Yábàá

Ẹ lè ṣe é bí ẹ bá tètè gbéra. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 ní ìdúró ní Láderin, wọ́n sì fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soyinka pe é. Kò sí láàárín ìlú, ẹ ní láti wọ táásì wọlé. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀, torí àbọ̀ ọjọ́ ìsinmi máa ń tètè tán.

Olúmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí àpáta tó gbóná. Ìwọ̀n mítà 137 ni orí rẹ̀ fi ga ju ojú òkun lọ, ẹ kò sì ní bẹ̀rẹ̀ láti ojú òkun, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù. Àtẹ̀gùn wà, ẹ̀rọ agbénisókè náà wà, bó bá ń ṣiṣẹ́. Àwa fara mọ́ àtẹ̀gùn àti ọ̀nà àárín àpáta tóóró, torí pé ẹni tó gba ẹ̀rọ lọ kò ní fojú rí ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí. Bàtà rọ́bà, kì í ṣe sálúbàtà. Ọjà Ìtòkú wà nísàlẹ̀, ẹ ra àdìrẹ yín níbẹ̀.

Kí ẹ wà nínú ọkọ̀ ní aago méjìlá ààbọ̀, kí ẹ kúrò lórí omi ṣáájú aago mẹ́rin. Òfin NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀nà omi, kò fàyè gba ọkọ̀ èrò lóru, rélùwéè kò sì ní dúró dè yín. Bí ìyẹn bá ti dà bí eré sísá lójú yín, ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹ lọ sí Òkè-Mosàn, sí ilé ìkàwé Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́. Ẹranko wà níbẹ̀, oúnjẹ wà níbẹ̀, ìdààmú kò sí.

Báwo la ṣe ń ná owó ọkọ̀? Ẹnì kan ní ká san gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. — Onísùúrù, Kútọ̀

Ẹ má san gbogbo rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀, ìyókù nígbà tí ẹ bá padà gúnlẹ̀ láìséwu. Ẹ ná an ní gbogbo ọkọ̀ fún iye wákàtí, kì í ṣe ní orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bèèrè lójú ẹlẹ́rìí pé: ṣé owó dídúró wa létí yanrìn wà nínú rẹ̀? Ibẹ̀ ni ìjà máa ń ti ṣẹlẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ní ẹ́ńjìnnì, ta ni yóò ra epo? Bí omi bá kún ní ọjọ́ náà, ṣé owó yóò padà tàbí ọjọ́ ni yóò yí? Ẹ rí ọkọ̀ náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀: omi tó bá ju ìka méjì lọ nísàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, ojú ihò ló ń gbà wọlé.

Ìyá ọkọ mi ní Odò Ògùn, odò Yemọja ni, pé a kò gbọdọ̀ jẹun lórí rẹ̀ láì kọ́kọ́ bu díẹ̀ sómi. Onígbàgbọ́ ni wá. — Má Forúkọ Mi Hàn, Ìbarà

Ìyá kò parọ́, odò Yemọja ni, àwọn tó ń bọ ọ́ sì ṣì wà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ atukọ̀ bí àwọn ará ibẹ̀ bá ní ọjọ́ tàbí ibi tí wọ́n kì í fẹ́ kí àlejò dé. Bí ẹ bá bá wọn pàdé létí odò níbi tí wọ́n ti ń ṣe ti wọn, ẹ má yọ fóònù síta láìgbàyè. Bíbu oúnjẹ sómi, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jẹun lórí yanrìn gẹ́gẹ́ bí a ṣe wí lókè, orí ilẹ̀ lẹ ti jẹ ẹ́, ìyá kò ní rí nǹkan bá yín jà sí. Ọ̀rá àti ike yín, ẹ kó gbogbo rẹ̀ padà sínú kúlà.

Ṣé dandan ni ká fún atukọ̀ lóúnjẹ? — Ọ̀wọ́n, Ṣàpọn

Ẹ di tirẹ̀ lọ́tọ̀, kó jẹ ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ti so. Atukọ̀ tí ebi ń pa nígbà tí ẹ̀yin ń jẹ ẹyin àti pọ̀nmọ́ níwájú rẹ̀ kì í tu ọkọ̀ dáadáa padà. Ọtí ni kí ẹ má fún un. Bó bá bèèrè, ẹ sọ fún un pé owó rẹ̀ ń dúró dè é ní èbúté.